Rìfíù iṣẹ́ àtúnṣe àárín ìlú kékeré: èyí tó tó owó ẹ̀, àtèyí tí wọ́n kàn kùn lójú

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àtúnṣe àárín ìlú náà ọjà ni bí ọjà yòókù. Àwọn kan wà tó ń tà á, àwọn ayàwòrán ilé, àwọn agbaṣẹ́ṣe, àwọn kọnsọ́tántì tó máa ń gbé láptọ́ọ̀pù wá sípàdé ìlú, ìjọba ìlú ló ń rà á, owó orí wa ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí ló wá dé tá ò kì í kọ rìfíù ẹ̀? Èèyàn á ra fóònù, á kọ ojú ewé mẹ́ta lórí bátìrì ẹ̀ nìkan, àmọ́ títì tí wọ́n fi ọdún méjì hú kiri, tó jẹ́ pé ibẹ̀ làwa àtàwọn ọmọ wa á máa gbà, a ó kàn ní "ó dáa" àbí "kò dáa", a ó sì kọjá lọ. Èmi ò lè gbà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ yìí tipẹ́, ó ti di àìsàn sí mi lára, ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní ìràwọ̀ bó ṣe tọ́ sí kálukú. Ìlú kékeré ni mò ń sọ o, ìlú tí èèyàn ẹ̀ wà láàárín 40,000 sí 100,000, kì í ṣe ìlú onímílíọ̀nù mẹ́wàá tó lè ná owó ní ìnákúnàá kó má mọ̀.

Páálí tí wọ́n fi di ọjà yìí ni ká kọ́kọ́ wò, ìyẹn àwòrán. Ẹ ti rí irú àwòrán yẹn rí. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, igi ti dàgbà tán lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín, ọmọdé kan á máa mú bàlúùnù dání (mi ò mọ ẹni tó ń san owó bàlúùnù yẹn, inú gbogbo àwòrán ló wà), kò sí ọkọ̀ akólẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń já ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù kankan, kò sí arúgbó tó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Tí wọ́n bá gbé e síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo lọkọ̀ akólẹ̀ máa gbà. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn, ẹ ti gba èsì nìyẹn. Páálí yìí, ìràwọ̀ kan, torí pé ó rẹwà ni mo ṣe fún un ní ọ̀kan yẹn pàápàá.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni ti Greenville, ní South Carolina ní Amẹ́ríkà. Èèyàn bíi 70,000 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Iṣẹ́ aṣọ híhun ló gbé ìlú náà ró tẹ́lẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn náà ló sì ń da aró àti ẹ̀gbin sínú odò Reedy tó gba àárín ìlú kọjá. Omi yẹn máa ń já látorí àpáta ní àárín ìgboro gan-an, ohun tí ìlú míì máa fi gbogbo ẹnu polówó, àmọ́ ní 1960 wọ́n kọ́ afárá kọnkéré fún ọkọ̀, onílà mẹ́rin, Camperdown Bridge, wọ́n gbé e gba orí ibi tí omi ti ń já yẹn kọjá, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún olè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi mọ́tò kọjá lórí omi yẹn lójoojúmọ́, wọn ò sì rí i.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe odò o. Títì ni. Máyọ̀ wọn láti 1971 sí 1979, Max Heller, Júù tó sá fún àwọn Nazi kúrò ní Vienna ní 1938, wo Main Street tó jẹ́ ìlà mẹ́rin, ọkọ̀ ń sáré gba ibẹ̀ fìì fìì, kò sẹ́ni tó ń dúró ra nǹkan. Wọ́n dín in kù sí ìlà méjì, wọ́n fi àyè tó ṣẹ́ kù mú ẹ̀gbẹ́ títì fẹ̀, wọ́n gbin igi. Ìyẹn náà ni. Kò sí ère, kò sí ilé gogoro aláwọ̀ mèremère, igi àti ibi tí èèyàn lè rìn sí ni wọ́n kọ́kọ́ rà, òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí gbogbo èèyàn ń sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí ní 1982. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá kojú afárá. Máyọ̀ Knox White, tó ti wà lórí àga látọdún 1995, ní kí wọ́n wó o. Àwọn kan ní kí ló dé, afárá tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tọ́kọ̀ ṣì ń gbà, ẹ fẹ́ wó o? Ọ̀rọ̀ wọn ò kúkú burú, èmi náà ì bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n wó o ní 2002, nígbà tó di 2004 wọ́n ṣí Liberty Bridge, afárá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan, ó tẹ̀ kọrọdọ, okùn irin tó gbé e dúró sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yẹn o, òun ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi ò ní okùn rárá, tó bá jẹ́ pé ẹ dúró lórí ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa dí yín lójú, omi tí wọ́n fi bíi ogójì ọdún bò mọ́lẹ̀ ló wà níwájú yín gbangba.

Kí n má gbàgbé, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọgbà kan, Carolina Foothills Garden Club, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ etí odò yẹn padà látọdún 1967. Láti 1967 dé 2004! Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa tún àárín ìlú ṣe láàárín sáà ìdìbò kan, ẹ bá mi kí i.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún Greenville. Ìkarùn-ún ò ṣe é fún un torí owó ilé. Bí ibẹ̀ ṣe ń dáa ni owó ilé àtilẹ̀ ń gun òkè, ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń gbé nítòsí ibẹ̀ látìgbà tí kò tíì lójú ni kò lè dúró mọ́. Èèyàn á jìyà ibì kan nígbà tó bàjẹ́, tó bá wá dáa tán, wọ́n á ní kó máa lọ. Kò sí afárá tó rẹwà tó lè bo ìyẹn.

Ọjà kejì ni èyí tí wọ́n tà jù, ìyẹn kí wọ́n ti títì mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n tẹ́ bíríkì sí i, kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìrìn. Ìtàn ẹ̀ dùn. Ẹni tó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ni Victor Gruen, ayàwòrán ilé, Júù, òun náà sá kúrò ní Vienna ní 1938 (ọdún kan náà pẹ̀lú Heller, ẹ ò rí nǹkan!). Gruen yìí kan náà ló yàwòrán Southdale ní Minnesota, tí wọ́n ṣí ní 1956, mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n bo òrùlé ẹ̀ pátápátá tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí. Mọ́ọ̀lù wá di gbogbo ẹ̀yìn odi, wọ́n kó oníbàárà kúrò ní àárín ìlú, àárín ìlú wá lọ bẹ Gruen pé kó wá gba àwọn. Ó gbà. Kalamazoo ní Michigan ló kọ́kọ́ rà á, 1959 ni wọ́n ṣí i.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí. Ohun tí Gruen kọ sínú ìwé fún Kalamazoo ju títì bíríkì lọ, ó ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà yípo ká àárín ìlú, kí wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí sí etí ẹ̀, kí èèyàn gbọ́kọ̀ dé ibẹ̀ kó wá fẹsẹ̀ wọlé. Ìlú wo owó ẹ̀, wọ́n mú èyí tó dáa lójú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tó di 1998, wọ́n ti ṣí apá kan ẹ̀ padà fún ọkọ̀. Fresno ní California náà ra tiẹ̀ lọ́wọ́ Gruen, 1964 ni wọ́n ṣí i, 2017 lọkọ̀ padà síbẹ̀ (Fresno tóbi ju ìlú tí mò ń sọ lọ, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni). Ìlú bíi igba ní Amẹ́ríkà ló ra irú ọjà yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ti tú u ká. Èyí tó ṣì ń ṣe dáadáa, bíi Pearl Street ní Boulder tí wọ́n ṣí ní 1977 àti Church Street ní Burlington, 1981, ẹ wò ó, ìlú tó ní yunifásítì ni wọ́n, àwọn ọmọ ilé ìwé wà nítòsí tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn kiri láàárọ̀ lálẹ́ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà. Tí ẹ ò bá ní èèyàn tó ń gbé nítòsí, bíríkì ò lè bí wọn fún yín. Ìràwọ̀ méjì fún ọjà náà fúnra ẹ̀, mẹ́rin tó bá jẹ́ ìlú yunifásítì.

Charlottesville ní Virginia náà wà lára àwọn tó ṣì dúró, wọ́n ṣí tiwọn ní 1976, Lawrence Halprin ló yàwòrán ẹ̀, igi ibẹ̀ ti dàgbà, ó dùn ún rìn. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ rìfíù ẹ̀ kí n má sọ nípa Vinegar Hill. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí títì bíríkì yẹn wà báyìí gan-an ló wà, ilé ń bẹ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n dìbò lé e lórí ní 1960 pé ṣé kí wọ́n wó o, owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ san kó tó lè dìbò nígbà yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè dìbò lórí ilé ara wọn. Wọ́n wó o lulẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ilẹ̀ náà sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àtúnṣe ni wọ́n pe ìyẹn náà o! Orúkọ kan náà, owó ìjọba kan náà. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kì í yára pàtẹ́wọ́ tí mo bá gbọ́ pé ìlú kan fẹ́ "ṣí ilẹ̀ sílẹ̀". Ilẹ̀ ta ni? Ibo lẹ fẹ́ káwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Yúróòpù díẹ̀. Pontevedra, ní Galicia ní Sípéènì, èèyàn bíi 83,000. Dókítà ni máyọ̀ wọn, Miguel Anxo Fernández Lores, ó wọlé ní 1999, kò sì fi àkókò ṣòfò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ kúrò ní àárín ìlú àtijọ́, nǹkan bíi 300,000 mítà onígun mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ṣe tí Kalamazoo ò ṣe nìyí: wọ́n ṣètò ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ sí etí ìlú, wọn ò jẹ́ kí mọ́ọ̀lù ńlá wá dó sẹ́yìn odi kó wá máa fa oníbàárà lọ, wọ́n sì ya máàpù kan tí wọ́n ń pè ní Metrominuto, ó rí bíi máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi, àmọ́ ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ibẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí èèyàn máa fi rìn láti ibì kan sí ìkejì ni wọ́n kọ sára ìlà. Èèyàn tó rò pé ibì kan jìnnà á wò ó, á rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, á fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀. Bébà lásán! Mi ò mọ nǹkan míì tó rọ̀ọ̀yàn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú lè ra. Láàárín 1996 sí 2006, èèyàn 30 ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní títì ìlú yẹn, ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta péré. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, mi ò ní ṣàròyé kankan.

Ráńdábọ́ọ̀tì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gùn. Carmel ní Indiana ti ní èyí tó ju 150 lọ, máyọ̀ kan, Jim Brainard, tó wà níbẹ̀ láti 1996 dé 2023 ló gbé e lérí. Ní oríta lásán onígun mẹ́rin, ibi tí ọkọ̀ àti ọkọ̀ ti lè kọlu ara wọn jẹ́ 32, ní ráńdábọ́ọ̀tì onílà kan ó jẹ́ 8, kò sì sí bí ẹnì kan á ṣe já wọ ẹlòmíì ní ìhà lórí eré àsápajúdé. Ìkọlù tó ń ṣèèyàn léṣe máa ń dín kù ní nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Iná sì lè lọ kó má ṣe nǹkan kan, ráńdábọ́ọ̀tì ò lo iná. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó máa ń gba ilẹ̀, àti pé ẹni tójú ẹ̀ ò ríran máa ń rí wàhálà níbẹ̀ torí ọkọ̀ ò dúró gbọn-in kó gbọ́ pé ó ti dúró. Ìràwọ̀ mẹ́rin létí ìlú, mẹ́ta láàárín ìgboro.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀, ẹ má rà á kẹ́ ẹ tó gbowó lórí èyí tó wà létí títì. Donald Shoup, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì UCLA nígbà ayé ẹ̀, ló fi ayé ẹ̀ ṣàlàyé èyí: ẹ jẹ́ kí iye owó ẹ̀ jẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí àyè kan tàbí méjì ṣófo ní títì kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì ná owó yẹn sórí títì yẹn gan-an káwọn oníṣọ́ọ̀bù lè fojú rí i. Old Pasadena ní California ṣe é ní 1993, owó mítà ìgbọ́kọ̀sí di owó ẹ̀gbẹ́ títì àti iná. Ìràwọ̀ mẹ́rin. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń bínú níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Wàyí o, abẹ́ ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ síwájú ìlú, kò sí bàlúùnù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ ni páìpù omi òjò àti páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù á kún, gbogbo ẹ̀ á ya lọ sínú odò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi 700 ìlú ló ṣì ní irú ẹ̀. Àwọn páìpù omi mímu míì sì wà tó jẹ́ òjé, 1986 ni wọ́n tó ka fífi òjé tuntun léèwọ̀ níbẹ̀, èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò sì lọ síbì kankan. Tí ìlú bá fẹ́ hú títì láti tẹ́ bíríkì sí i, àkókò yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ páìpù, kí wọ́n ya omi òjò sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ri páìpù òfìfo kan tàbí méjì mọ́lẹ̀ fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Páìpù òfìfo yẹn ò wọ́n rárá tí ilẹ̀ bá ti wà ní ṣíṣí. Ẹ ti mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á tẹ́ òkúta, máyọ̀ á gé rìbọ́ọ̀nù, kí oṣù díẹ̀ tó pé iléeṣẹ́ omi á dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, ikù-ù-ù, wọ́n ti là á láàárín.

Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó tẹ́ bíríkì yín mọṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo àárín bíríkì kan sí ìkejì. Tó bá jẹ́ yanrìn ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ lè fi irin yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún páìpù ṣe, á tún yanrìn tẹ́, á dá kálukú wọn padà sáyè ẹ̀, lẹ́yìn òjò méjì ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n gbẹ́. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré, fífọ́ ni wọ́n máa fọ́ ọ, bíríkì tó jọ ọ́ ò ní sí mọ́, ọ̀dà dúdú ni wọ́n á rọ́ dí i, ẹ̀gbẹ́ títì olówó ńlá á wá lábàwọ́n bátabàta káàkiri. Igi náà ńkọ́? Wọ́n á gbẹ́ ihò tí ò ju tábìlì kékeré lọ, ilẹ̀ tó yí i ká, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó lè gbé òkúta dúró, ó le bí àpáta, gbòǹgbò ò ríbi gbà, igi á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, àbí kó gbé òkúta sókè kí arúgbó fẹsẹ̀ kọ. Igi títì nílò ilẹ̀ rírọ̀ tó fẹ̀ lábẹ́ òkúta, ó ṣeé ṣe, ó wà nínú iṣẹ́ tó dáa, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò tí bájẹ́ẹ̀tì bá fún pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ṣe abẹ́ ilẹ̀ dáadáa, ìràwọ̀ márùn-ún, bí ojú ilẹ̀ ò tiẹ̀ dán.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kì í bi léèrè nínú gbogbo rìfíù. Iṣẹ́ tó gba oṣù mẹ́jọ lójú ẹnjiníà, oṣù mẹ́jọ owó ilé láìsí oníbàárà ni lójú ẹni tó ń gé irun tàbí tún bàtà ṣe. Ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe á gbẹ́ títì náà níkọ̀ọ̀kan, á parí ẹyọ kan kó tó ṣí èkejì, á jẹ́ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní ṣíṣí dé ẹnu ilẹ̀kùn kálukú, pátákó tó ní "ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí" kò ní jẹ́ bébà tí òjò ti rin. Á sì fún ẹni tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ ní fóònù tó máa ń dún tí wọ́n sì máa ń gbé. Ìlú tí ò mọ̀ á hú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè yá, kò ní yá, nígbà tí òkúta tuntun bá fi máa dán, ìdajì àwọn tí wọ́n tìtorí wọn tún un ṣe ti kó lọ. Ìràwọ̀ kankan ò sí fún ìyẹn.

Ó ku fáuntéènì. Gbogbo àwòrán ló ní fáuntéènì. Ọ̀pọ̀ nínú tàwọn Fresno ti gbẹ tipẹ́ kí wọ́n tó hú títì yẹn. Pọ́ǹpù á bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣéènì yí i ká, lẹ́yìn náà wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ kún un, wọ́n á gbin òdòdó sí i, òdòdó yẹn gan-an á wá rẹwà ju fáuntéènì lọ. Ìràwọ̀ kan fún fáuntéènì, mẹ́ta fún òdòdó.